Garawa tí Alimat Gbà Lọ́wọ́ Àlejò

Oòrùn ọ̀sán mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Òjò kò kán sílẹ̀ ní Laurel, ìlú kan ní Maryland ní Amẹ́ríkà, láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko iwájú ilé ti pọ́n, síbẹ̀ bàbá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá Nọ́rà rin gbingbin. Omi ń kán tó-tó láti etí fìlà rẹ̀. Kóòtù nínípọn tó wọ̀ ti mu omi yó, ó ń fà á léjìká wálẹ̀. Ó gbé garawa onírin kan dání tí omi kún dẹ́nu. Ọwọ́ tó fi gbé e ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú garawa kò mì rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá Alimat lẹ́bi, ẹ mú sùúrù. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, wọ́n tọ́ ọ, ó sì gba ẹ̀kọ́. Bó ti ṣílẹ̀kùn tó rí irun funfun àti ẹ̀yìn tó tẹ̀, kò bèèrè pé ta ni yín, kò bèèrè pé kí lẹ wá ṣe. Orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jẹ́ n bá yín gbà á."

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba garawa náà. Ta ni nínú wa tí kò ní gbà á? Ọmọ tó bá jókòó tó ń wo àgbà níran tí àgbà fi ń wọ́ ẹrù nílẹ̀, ṣé kì í ṣe ìyá onítọ̀hún ni wọn yóò bú? Ní gbogbo òpópónà yẹn, ẹnì kan kò jáde sí bàbá náà. Alimat nìkan ló jáde.

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣófo. Ó là á, ó pa á dé, ó tún là á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ títí ó fi di ẹkún. Ó wá fi èdè òyìnbó tó ń yí lẹ́nu bíi ti Màmá Nọ́rà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àwọn kan ń gbọ́.

"Ìwọ lo na ọwọ́. N kò gbé e lé ọ lọ́wọ́."

Ó yí padà, ó gba ìdí igi tó wà létí títì. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọdé kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì yọ ní òdì kejì. Alimat gbé garawa wọlé, ó gbé e sílẹ̀ ní kíṣìnì, ó sì lọ sọ fún Màmá.

Màmá Nọ́rà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ Alimat ni láti tọ́jú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: kó wẹ̀ ẹ́, kó fún un lóògùn, kó gbé e sínú àga onítáyà. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kárígímọ́ìlì, ní Áyálándì, ni wọ́n ti bí i. Ìlú náà kò tóbi tó Ìsẹ́yìn, kò sì kéré tó abúlé. Ọmọge ni Màmá nígbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ wá sí Maryland, kò sì padà síbẹ̀ mọ́, àmọ́ ó máa ń ka ìlú náà bí ẹni ń ki oríkì. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá olójú méje. Á dé ọ̀dọ̀ ilé gogoro olókùúta tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lókè fíofío, nítorí àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ máa ń fa àkàbà wọn sókè nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà bá gba ojú òkun dé. Á dé ọjà màlúù àti bọ́tà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ Ajé, á dé bárékè àwọn ṣójà tí wọ́n dáná sun, á dé ilé ìhunṣọ létí odò tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Níbi ilé ìhunṣọ ni Alimat máa ń dá sí i, nítorí Laurel náà ti ní irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, àti pé bàbá tó bí òun ní Ìsẹ́yìn, aṣọ òfì ló fi ọwọ́ hun títí tó fi kú. Àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín pé ọmọ ahunṣọ làwọn. Lẹ́yìn náà ni Màmá á sọ ti ebi ńlá, ti ọdún tí ọ̀dùnkún rà nínú ilẹ̀ tí èèyàn ń ṣubú sójú ọ̀nà, àti ti àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà. Ibì kan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ pé bó bá ti dé ẹnu géètì rẹ̀, á ní ó ti rẹ òun. Ìtẹ́ òkú àtijọ́ tó wà nínú ọgbà àwọn àlùfáà nìyẹn.

Nígbà tí Alimat sọ pé bàbá kan tó tutù gbé omi wá, Màmá bèèrè bóyá àpá wà ní àgbọ̀n onítọ̀hún. Alimat ní àpá wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Dẹ́kílánì ni," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n mi. Odò ló gbé e kí n tó wá síbí."

Ohun tí Màmá ti ń fi pamọ́ látọjọ́ yìí ló wá tú jáde. Ní Kárígímọ́ìlì, ẹni tí wọ́n bá sin kẹ́yìn sínú ìtẹ́ òkú yẹn ló ń di olùṣọ́ rẹ̀. Òun ni yóò máa pọnmi fún gbogbo àwọn tó ti sùn síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí òùngbẹ òkú kì í tán. Kò ní sinmi títí wọn yóò fi gbé òkú mìíràn wá. Dẹ́kílánì já bọ́ láti orí afárá lọ́jọ́ òtútù kan, wọ́n sin ín síbẹ̀, ilẹ̀ kò sì tíì gbẹ lórí rẹ̀ tí ìjọba ìlú fi ti ọgbà náà pa, tí wọ́n ṣí òmíràn sí ẹ̀yìn ìlú. Kò sí òkú tó tún dé. Ọ̀nà kan ló kù: kí alààyè kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba garawa náà. Gbogbo ọmọ Kárígímọ́ìlì ni wọ́n ti kìlọ̀ fún láti kékeré, pé bí o bá rí aláṣọ tútù tó gbé omi, yàgò fún un. Dẹ́kílánì ti kan gbogbo ilẹ̀kùn ìlú náà, wọ́n pa á dé mọ́ ọn lójú. Ló bá wá àbúrò rẹ̀ kọjá òkun.

"Èmi ló wá bá," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣílẹ̀kùn. Omi rẹ ti di tiwọn báyìí. Lọ́jọ́ tí o bá kú, ẹnu géètì yẹn lò ń lọ."

Alimat rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní òun gbọ́, ó sì lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Aláásárì. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí i, omi náà sì yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń yọ̀ lórí ewé kókò. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó bu omi sẹ́nu, erùpẹ̀ ló tọ́ lẹ́nu rẹ̀, erùpẹ̀ ilẹ̀ tí kò rí oòrùn rí. Ó gbé omi garawa jáde, ó dà á sórí koríko, koríko mu ún. Kó tó dé kíṣìnì padà, garawa ti kún dẹ́nu. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Jàfárù, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ àwọn ológun òfurufú ní Camp Springs. Kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù láyé bí kò ṣe ìyàwó rẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí i tí ètè Alimat ń là, tí ó mu ìgò omi mọ́kànlá tí òùngbẹ kò sì kúrò, ẹ̀rù bà á. Ó gbé e lọ sí kílíníkì. Nọ́ọ̀sì fa omi sí i nínú iṣan, ọ̀rá omi náà gbẹ tán, ẹnu Alimat ṣì gbẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì sì yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn pé níbo lomi gbà lọ. Jàfárù gbé e lọ sọ́dọ̀ Àáfà Abdulqoyyum ní mọ́sáláṣí. Àáfà ka Yásínì sórí omi samsamù tó ti Mẹ́kà wá, ó fún un mu, erùpẹ̀ náà ló tún tọ́. Àáfà gbé ojú sílẹ̀. Ó ní kó máa fi yanrìn tó mọ́ ṣe àlùwàlá, pé Ọlọ́run yóò gbà á. Alimat fi yanrìn kírun, ó sì dúpẹ́, àmọ́ yanrìn kì í pa òùngbẹ.

Èyí tó burú jù ni ti ọ̀sán. Bí ìrun Àílà bá ti kọjá, ohun yòówù kí Alimat máa ṣe, yóò kàn rí i pé garawa ti wà lọ́wọ́ òun, okùn irin rẹ̀ ti tẹ òun lọ́wọ́. Á wá máa gbọ́ àwọn òkú náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀fun wọn ló ń gbọ́, ọ̀fun púpọ̀ tó ń gbé omi mì lẹ́ẹ̀kan náà, nítòsí etí rẹ̀ gan-an. Omi tí wọ́n ń mu yẹn, tirẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ń gbẹ lọ lójú ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bó bá gbẹ tán, wọn kò ní sin òun sáàárín àwọn èèyàn òun lọ́nà tí ẹ̀mí òun á fi sinmi.

Jàfárù ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n ní Texas, kí àwọn kó ẹrù kí àwọn máa lọ. Alimat ní Texas kò jìnnà ju ibi tí Dẹ́kílánì ti wá.

"Mi ò ní sá," ló sọ fún un. "Ìkíni ni mo kí i. Ẹni tó kíni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Mi ò wá sí Amẹ́ríkà wá máa pọnmi fún òkú olókùú."

Inú ń bí i, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe òùngbẹ nìkan ló ń jẹ ẹ́ níyà. Ohun tó ń jó o lọ́kàn ni pé wọ́n fi ẹ̀kọ́ rere tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ mú un. Bó bá jẹ́ ọmọ burúkú ni, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ arúgbó lójú, omi ni ì bá máa mu báyìí.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn, Màmá Nọ́rà pè é mọ́ra. Ó ní kó gbé garawa náà fún òun, pé àbúrò Dẹ́kílánì ni òun, ikú sì ti sún mọ́ òun bó ti wù kó rí. Ó ní òun ti pinnu. Alimat wo ọwọ́ Màmá, ọwọ́ tí kò lè gbé ife tíì láìdà á sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé òun kò ní di ẹni tó ń di ẹrù lé àgbà lórí. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ó bèèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni Dẹ́kílánì nígbà tí odò gbé e.

Màmá ní kò tíì pé ogún ọdún.

Alimat alára ti lé ní ogójì. Ẹni tó ti kú kì í dàgbà sí i, àbí ó ń dàgbà? Irun funfun tó rí yẹn, ìyà ló hù ú. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ yẹn, ẹrù ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọ kékeré ló ti kúnlẹ̀ kí, tó pè ní sà, tó sì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí itan, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí Màmá wọ súwẹ́tà, pé àwọn ń jáde.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, ó ti àga Màmá sí iwájú ilé, ó dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Oòrùn ṣì ń ràn. Ó pe Dẹ́kílánì bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ tó wà lẹ́yìnkùlé, ní èdè Yorùbá gbọnin-gbọnin. Ó ní ìwọ ọmọ yìí, wá jẹ́ mi. Òórùn odò ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà yọ láti ìdí igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tutù rinrin, ó ń wolẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" ni Alimat bi í.

Ó fẹ́ fi ohùn àgbà dáhùn, ohùn náà sì kọ̀. Funfun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, irun pupa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n kò tíì hù dáadáa ló dúró nínú kóòtù tó tóbi jù ú lọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn fún òtútù. Màmá Nọ́rà pe orúkọ rẹ̀. Dẹ́kílánì kò lè wo ojú àbúrò rẹ̀ tó ti di arúgbó.

Àwọn òkú yòókù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kún ojú títì, wọ́n tò lọ títí dé ọ̀nà márosẹ̀ Route 1, oníkóòtù gígùn, olówó ìlú, oníṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá aláṣọ dúdú. Ọkọ̀ ń gba àárín wọn kọjá, àwọn awakọ̀ kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó wo Alimat nínú wọn. Garawa ni gbogbo wọ́n ń wò, ọ̀fun wọn sì ń lọ sókè sódò.

Alimat mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ọmọ kì í wà níbẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ru ẹrù. Òun yóò sọ pé, gbà á lọ́wọ́ mi, ọmọ náà yóò sì gbà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò tilẹ̀ tíì la ẹnu tí Dẹ́kílánì fi mọ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á, nítorí wọ́n kọ́ òun náà nílé. Okùn irin ti gé ọwọ́ náà wọnú. Ó ń sunkún láìsí ohùn.

Òùngbẹ ń gbẹ Alimat débi pé ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó kàn ní láti na apá ni. Màmá náà sì ti na ọwọ́ tirẹ̀ láti inú àga. Alimat fa garawa sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ó ní kí ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn jáde síta. Ó pẹ́ díẹ̀, àlùfáà àtijọ́ kan wá síwájú, awọ ojú rẹ̀ rọ̀ bí awọ ìwé tí omi mu. Alimat kúnlẹ̀ kí i, kò gbàgbé ìyẹn. Ó dìde, ó sì sọ̀rọ̀ dé etí gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin àgbà, nílé wa, àgbà a máa rán ọmọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà náà ló ń sọ pé, ọmọ mi, ó tó, lọ jókòó. Ta ló sọ ọ́ fún ọmọ yìí rí?"

Àlùfáà náà wolẹ̀.

"Kò sí. Ó dáa, èmi jù ú lọ, èmi á sọ ọ́. Dẹ́kílánì, ó tó. Iṣẹ́ rẹ dára. Lọ sinmi. Ẹrù tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ, mo gbà á láti ràn ọ́ lọ́wọ́ dé ibi tó ń lọ ni. Ibi tó ń lọ nìyí."

Ó gbé garawa kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, láàárín òun àti wọn, ó sì tú ìka rẹ̀ kúrò lára okùn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, omi inú rẹ̀ mì. Ó ní omi rè é, ọwọ́ wà lára yín, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó bẹ̀rẹ̀ kó bu mu. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, nítorí kálukú ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni yóò di olùpọnmi. Ojú ò tì wọ́n o. Àti olówó àti àlùfáà wọn.

Kóòtù Dẹ́kílánì gbẹ. Ó rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó gbé orí lé itan àbúrò rẹ̀, bó ti wà níbẹ̀ ni kò sí mọ́. Itan Màmá kò tutù. Alimat ti àga wọlé, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ki gbogbo orí sábẹ́ rẹ̀. Omi wọ̀ ọ́ lára, ó rin ìborí rẹ̀, ó ṣàn wọ ọrùn rẹ̀. Ó mu títí ikùn fi ń dùn ún. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun Aláásárì, ó sì sunkún lórí ìforíkanlẹ̀ bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n wọn kò lọ. Ìyẹn ni Alimat kò rò tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá dé ibi iṣẹ́, wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn àti lórí koríko, wọ́n yí garawa ká, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Alimat tí kò ré àgbà kọjá láìkí i láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó wá ń gba àárín àgbà tó tó ìlú kan kọjá láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ń dùn ún. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn, ohùn kan pè é láàárín wọn.

"Àyìnkẹ́."

Ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìfàgùn díẹ̀ ní ìparí. Ìyá àgbà sì ti wà nínú ilẹ̀ Ìsẹ́yìn láti ìgbà tí Alimat ṣì ń lọ sílé ìwé.

"Àyìnkẹ́, òùngbẹ ń gbẹ mí. Bá mi gbé omi yẹn."

Orúnkún Alimat tẹ̀. Ó tẹ̀ dé ìdajì, ó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Ohùn náà ni gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín.

"Irọ́ lẹ pa," ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá mi àgbà gbẹ́ kànga sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, sàráà ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn níbẹ̀ títí dòní. Òùngbẹ kankan kò lè gbẹ ẹ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í. Màmá Nọ́rà bèèrè láti yàrá pé ta ló ń pè é. Ó ní kò sí, pé òun ń bọ̀ wá po tíì. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ níta: okùn irin garawa náà dún bí ìgbà tí ènìyàn gbé e, ọ̀fun kan ṣoṣo sì gbé omi mì, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tó o. Ẹnì kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bu mu fúnra rẹ̀.

Fèrèsé wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Alimat fa aṣọ fèrèsé náà dé láìwo ìta, ó sì lọ gbé omi kaná.